Àkúdàáyà ní Kentucky

Ọ̀pínà ló ṣe okùnfà ikú tí mo kú kẹ́yìn. Ó ti di ọjọ́ mọ́kànlélógójì tí mo wà ní Muldraugh, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Mo ti kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé ilé tí mo fi ṣe ibùgbé, mo ti gbé àgbá mẹ́ta síta fún omi òjò, mo sì ti kó agolo oúnjẹ mẹ́tàlá jọ sínú àpò tí mo ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀wà wà nínú wọn, àgbàdo wà, ọbẹ̀ wà. Ohun tí kò sí ni ọ̀pínà tí n ó fi ṣí wọn, nítorí ẹ̀dà géèmù kọ̀ǹpútà tí mo ń lò kò gbà kí ènìyàn fi ọ̀bẹ ṣí agolo, bó ti wù kí ebi pa á tó. Mo bá jáde lọ sí ilé kejì. Mo tú ilé ìdáná, n kò rí i. Mo tú yàrá, n kò rí i. Ìkánjú wá mú kí n ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láìkọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀. Ta ní í wá ọ̀pínà lọ sí balùwẹ̀? Ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ṣì mú.

Ọrùn ló ti gé mi jẹ. Ẹni tó bá mọ géèmù yìí mọ̀ pé bí òkú bá ha ènìyàn léèékánná, ó ṣeé ṣe kí olúwarẹ̀ yè é, ṣùgbọ́n bí eyín bá ti wọ ara, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo padà sílé, mo ti ilẹ̀kùn, mo kan pákó mọ́ ọn láti inú, mo sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mẹ́tàlá tí n kò rí ṣí. Ibà mú mi títí di ọjọ́ kejì, mo sì kú. Nígbà tí mo gbójú sókè, aago ti kọjá aago kan òru ní Ìbàdàn, ìyàwó mi sì ti fi ìrọ̀rí bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà.

Project Zomboid ni orúkọ géèmù náà, níbi tí òkú ti ń dìde tí wọ́n sì ń jẹ ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ The Indie Stone, tí ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, ọdún 2011 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e síta. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni olè wọ ilé tí méjì nínú wọn ń gbé ní Newcastle, tí ó sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tí iṣẹ́ wọn wà nínú rẹ̀ lọ. Ohun tó lè mú ẹlòmíràn pa iṣẹ́ náà tì nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn kò pa á tì. Ní 2013 ó dé orí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 wọ́n gbé ẹ̀dà kọkànlélógójì jáde, èyí tí èmi ń lò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 wọ́n ṣí ẹ̀dà kejìlélógójì sílẹ̀ fún ìdánwò, nínú èyí tí ènìyàn ti lè sin adìyẹ àti màlúù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn tó ṣe é kò tíì sọ pé ó parí. Láti òkè, ní ẹ̀gbẹ́ kan, la ti ń wo ayé inú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń wo àgbàlá aládùúgbò.

Géèmù náà kò rán ènìyàn níṣẹ́ kankan. Kò sí ọmọ ọba tí a ó gbà sílẹ̀, kò sí oògùn tí a ó wá rí, kò sí ọ̀gá ọ̀tá tí a ó bá jà ní ìparí. Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun ni ọ̀rọ̀ ti hàn lójú kọ̀ǹpútà pé ìtàn bí o ṣe kú ni èyí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ìhàlẹ̀ lásán ni. Lẹ́yìn bí ikú ogún ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ fún mi, àti pé gbogbo ohun tó kù ní ọwọ́ mi ni bí ìtàn náà yóò ṣe gùn tó àti irú ilé tí ikú yóò bá mi.

Ilé ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, kì í ṣe ogun. Àwọn tí kò tíì ta á rí máa ń rò pé ìbọn yínyìn ni, àwọn tó ń ta á sì mọ̀ pé ìbọn ló ń yára pa ènìyàn jù, nítorí ìró rẹ̀ a máa pe gbogbo òkú àdúgbò jọ. Iṣẹ́ tí à ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ kò ju iṣẹ́ ilé lọ: ká pọn omi kó tó dá, ká jẹ ohun tó lè bàjẹ́ kí a tó jẹ ohun inú agolo, ká fa aṣọ tó ti gbó ya fún dídi ọgbẹ́, ká ka ìwé nítorí pé bí nǹkan bá sú ènìyàn, a máa sọ ọ́ di oníbànújẹ́, ká sùn kó tó rẹ̀ wá ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń ṣiṣẹ́, ìkànnì kan sì wà tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ káfíńtà, oúnjẹ sísè àti ẹja pípa bí ẹni pé kò sí ohunkóhun tó ń ṣẹlẹ̀ níta. Lẹ́yìn náà ohùn àwọn ènìyàn a máa dín kù lórí rédíò, títí yóò fi ku ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí fún ìlú tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́. Iná mọ̀nàmọ́ná yóò lọ ní ọjọ́ kan láàrin oṣù àkọ́kọ́, omi ẹ̀rọ náà yóò sì lọ ní ọjọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ náà ṣáájú.

Ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1993 ni ìtàn inú géèmù náà bẹ̀rẹ̀. Mo ti ta á fún ọ̀pọ̀ oṣù kí n tó kíyè sí déètì yìí dáadáa, nígbà tí mo sì kíyè sí i, n kò lè ta á mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní oṣù Keje ọdún 1993, Mushin la sì ń gbé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ni wọ́n ti dìbò ààrẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìjọba ológun fagi lé e. Nígbà tí oṣù Keje fi wọlé, àwọn ènìyàn ti bọ́ sí títì ní Èkó, táyà ń jó, ìbọn ń dún. Ìyá mi kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ìbò. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, sínú kẹ́ẹ̀gì, sínú ìkòkò ọbẹ̀, títí kan póò tí àbúrò mi ń lò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ra gaàrí ìlàjì àpò, wọ́n ra kẹrosíìnì, wọ́n gbé àpótí aṣọ dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n sì sọ fún wa pé a kò gbọdọ̀ yọjú lójú fèrèsé. Bàbá mi jókòó ti rédíò kékeré wọn, wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo rántí pé inú mi dùn. Kò sí ilé-ìwé, gbogbo wa wà nínú yàrá kan náà, a sì ń mu gaàrí ní ọ̀sán gangan.

Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi mọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ géèmù yìí bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀. Mo máa ń ka lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń gba ara wọn níyànjú pé kí omi tó lọ, kí oníkálukú pọn omi sínú gbogbo ohun tó bá lè gba omi. Ohun tí ó jẹ́ ìmọ̀ràn fún wọn jẹ́ ọjọ́ Sátidé fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀. Nínú géèmù, ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ìwé kan kà kí ó tó mọ bí a ṣe ń lo jẹnẹrétọ̀, àfi bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ iná mọ̀nàmọ́ná, ó sì dá mi lójú pé kò sí ọmọ ọdún méjìlá kan ní Ìbàdàn tí kò lè fa okùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn jiyàn lórí ohun kejì tí wọ́n fi sí i: bí o bá tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, èéfín rẹ̀ yóò pa ọ́ sójú oorun, kò sì ní sí òkú kankan nítòsí tí o lè di ẹ̀bi rù. Ìròyìn ìdílé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa mọ́jú kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i pé géèmù náà mọ ọ̀rọ̀ yìí, mo dìde, mo lọ wo ibi tí a gbé tiwa sí lẹ́yìn ilé.

Ohun kan wà tí n kò fara mọ́. Kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀, yóò yan iṣẹ́ àti ìwà fún ẹni tí yóò jẹ́, àléébù tó bá gbà ni yóò sì fi ra ohun rere. Bí o bá jẹ́ amusìgá, wọn yóò fún ọ ní ojú-àmì mẹ́rin. Bí o kò bá mọ̀wé kà, wọn yóò fún ọ ní mẹ́jọ. Ìyá ìyá mi kò mọ lẹ́tà kan. Wọ́n mọ bí a ṣe ń gbẹ ẹja tí yóò lo oṣù mẹ́fà, wọ́n mọ ewé tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n sì lè wo ojú ọ̀run kí wọ́n sọ wákàtí tí òjò yóò rọ̀. Mo gbà pé Kentucky ni géèmù yìí wà, ìwé ló sì kún ilé àwọn ènìyàn ibẹ̀, kì í ṣe ìyá àgbà. Síbẹ̀, mo ti yan àìmọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀kan nítorí tiwọn, mo fi ojú-àmì mẹ́jọ náà ra okun ara àti ọwọ́ tó yá, mo sì fi tẹlifíṣọ̀n àti àṣetúnṣe kọ́ iṣẹ́ tó kù. Ọgọ́rin ọjọ́ lé mẹ́ta ni mo lò. N kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé mìíràn.

Hẹlikọ́pítà kan wà nínú géèmù náà tó yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní nǹkan bí ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, yóò fò kọjá lórí ìlú, bí ó bá rí ọ níta yóò máa tẹ̀lé ọ, ariwo rẹ̀ yóò sì fa gbogbo òkú tó wà ní agbègbè náà wá síbi tí o wà. Ẹni tó ń ta géèmù náà fún ìgbà àkọ́kọ́ a máa sáré jáde láti juwọ́ sí i. Èmi náà juwọ́.

Mo ti sọ pé ilé ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Láti dán ohun tí mo gbà gbọ́ yìí wò, mo lọ sí ibi tí géèmù náà ti gbà kí ènìyàn tún ayé náà tò bó ṣe wù ú, mo sì yọ gbogbo òkú kúrò. Kí n sọ òótọ́, mo retí ìgbádùn: ìlú odindi fún èmi nìkan, ilé tí n ó kọ́ bó ṣe wù mí, oko, ẹja inú odò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo lò. N kò kú. Mo kàn dá iṣẹ́ dúró. Mo ti kó igi jọ, mo ti gbin ọ̀dùnkún, mo sì ti ṣètò agolo sínú kọ́bọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí irú wọn, ni mo ṣàdédé rí i pé n kò ní ìdí kankan láti ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ń mú kí pákó ojú fèrèsé dà bí ìfẹ́ ni ẹni tó wà níta. N kò rò pé mo ti ronú ọ̀rọ̀ yìí dé òpin, nítorí ó tún mú mi rántí ayọ̀ tí mo ní ní Mushin, ayọ̀ tí kì bá tí sí bí kò bá sí ìbọn ní títì, ó sì ń tì mí lójú díẹ̀.

Ìyá mi wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n dúró lẹ́yìn àga mi, wọ́n ń wo kọ̀ǹpútà.

“Àwọn wo ló ń rìn tàgétàgé bí ọ̀mùtí yìí?”

“Òkú ni wọ́n, Mà.”

“Òkú tí ń rìn kiri ìlú? Àkúdàáyà ni wọ́n, àbí?”

“Àwọn tibí ń jẹ ènìyàn ni, Mà.”

Wọ́n pòṣé. “Àkúdàáyà kì í jẹ ẹnikẹ́ni o. Iṣẹ́ ajé ló máa ń bá lọ ní tirẹ̀.”

Wọ́n jókòó, wọ́n sì tún sọ ìtàn tí gbogbo wa ti gbọ́ rí ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ọkùnrin kan kú láìtọ́jọ́ ní ìlú wọn, wọ́n sin ín, wọ́n sunkún rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹnì kan láti ìlú náà lọ ra ọjà ní Kánò, ó sì rí ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta aṣọ, ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, orúkọ mìíràn ló sì ń jẹ́. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, òun ń bọ̀, òun fẹ́ ra omi fún un. Kò padà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ wá a títí, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, aṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, owó wà nínú àpótí. Ìyá mi kò sọ bóyá wọ́n gba ìtàn náà gbọ́. Wọ́n kàn ní ọkàn àwọn a máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Kánò yẹn.

Orílẹ̀-èdè Haiti ni ìtàn zombie, ìyẹn òkú tí ń rìn, ti gbilẹ̀, láàrin àwọn ènìyàn tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sóko ìrèké. Èyí tí wọ́n bẹ̀rù níbẹ̀ kì í jẹ ẹran ara ènìyàn. Òkú tí oníṣègùn kan jí dìde láti máa fi ṣiṣẹ́ láìsanwó ni, bí ẹni pé ikú pàápàá kò lè tú ẹrú sílẹ̀. Sinimá Amẹ́ríkà ló wá sọ ọ́ di ajẹ̀nìyàn tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́. Mo fi gbogbo èyí wé àkúdàáyà tiwa, mo sì rí i pé ìyá mi tọ̀nà: àwọn òkú inú Muldraugh kì í ṣe àkúdàáyà. Wọn kò ní ìlú mìíràn láti lọ, wọn kò ní orúkọ, wọn kò ń ṣòwò.

Èmi ni àkúdàáyà. Òru ọjọ́ tí mo kú nítorí ọ̀pínà ni ó yé mi, nígbà tí mo ń tẹ bọ́tìnnì láti tún bẹ̀rẹ̀ nínú ayé kan náà. Géèmù náà kì í pa ayé rẹ́ nítorí pé ẹnì kan kú. Ilé tí mo kàn pákó mọ́ ṣì wà níbẹ̀, àgbá mi ṣì wà níta, ara tí mo bọ́ sílẹ̀ sì ti dìde, ó wọ aṣọ mi, ó gbé àpò mi kọ́ ẹ̀yìn. Èmi ní tèmi yan orúkọ mìíràn, mo di panápaná, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé ní Rosewood, ìlú kan ní ọwọ́ gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn Muldraugh, níbi tí kò sí ẹni tó mọ̀ mí. Iye ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé òkú tó jẹ́ èmi rí yóò ti tó mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ayé kan ṣoṣo náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀.

Ilé ìdáná àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ní Rosewood ni mo ti rí ọ̀pínà. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó mi béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò sì mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé.

N kò nílò láti padà sí Muldraugh. Oúnjẹ wà ní Rosewood, ibùdó panápaná wà, àáké dáadáa sì ti wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n agolo mẹ́tàlá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ kejìdínlógún mo rí ọkọ̀ kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára òkú tó ni ín, mo sì wà á lọ. Ojú ọ̀nà wúruwùru pẹ̀lú ọkọ̀ tó ti jóná, ó pẹ́ kí n tó débẹ̀, mo sì gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́nà jíjìn kí ariwo rẹ̀ má bàa ṣáájú mi dé. Ilé náà wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Pákó tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn láti inú kò yẹ̀ rárá. Ó ti gbọ́ mi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn láti inú, ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn dúró síbi ariwo lọ. Nínú ìtàn ìyá mi, ẹni tó bá mọ àkúdàáyà ló ń lé e lọ. Bí ojú bá ti ṣe mẹ́rin, gbogbo ohun tó ti kó jọ di àfisílẹ̀. N kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló yẹ kó sá. Lẹ́yìn náà mo gbé àáké. Ilẹ̀kùn tí mo ti há mọ́ ara mi gba àáké ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kó tó fọ́, ó sì jáde sí mi pẹ̀lú fìlà pupa tí mo dé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àpò wà lẹ́yìn rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ṣì ní ẹ̀jẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé mi jẹ.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbá a.

Mo wọlé, mo ka àwọn agolo náà, wọ́n pé mẹ́tàlá. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo yọ ọ̀pínà, mo ṣí ẹ̀wà kan, mo sì jẹ ẹ́ tán kí n tó jáde lọ wo ẹ̀yìn ilé. Òjò ti rọ̀ nígbà tí n kò sí nílé. Àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kún dẹ́nu.